Lexus ES, Camry tàbí Avalon: Kí ẹ tó ra ọkọ̀ tó máa gbé yín relé

Bí ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn wa ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Àbújá máa ń bi ara wọn: ọkọ̀ wo la lè rà tí yóò gbé wa délé láì dà wá láàmú, tí yóò sì buyì kún wa bí a bá dé ọ̀hún? Orúkọ tó sábà máa ń jáde ni Lexus ES, pàápàá ES 330 àti ES 350. Owó rẹ̀ kò tó ti àwọn Benz ńlá, síbẹ̀ ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀, wọn á kí i bí olówó. A ti gbọ́ tẹnu àwọn tó ń wà á láàárín wa, a sì fẹ́ ṣàlàyé ohun tó dáa níbẹ̀, ohun tó ń náni lówó, àti ibi tí Camry, Avalon tàbí Accord ti lè sàn fún yín jù ú lọ.

Ohun tá a fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mú lọ́kàn nìyí: epo kọ́ ló ń mú kí àwọn èèyàn kábàámọ̀ pé wọ́n ra Lexus. Àtúnṣe ni.

Camry tó wọ agbádá

Ilé iṣẹ́ Toyota ló gbé orúkọ Lexus jáde lọ́dún 1989, àtìgbà náà sì ni ES ti bá Camry tan. ES 350 tó jáde láti 2007 sí 2012 àti Camry tí gbogbo wa ń pè ní "Muscle", ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ́ńjìnnì V6 oní 3.5 tó wà nínú ES 350 náà ló wà nínú Camry V6 àti Avalon ìgbà yẹn. Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì tó bá mọ Toyota dáadáa kì í fi í bẹ̀rù Lexus, tí ẹ sì lè rí páàtì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní Apo l'Ábújá tàbí Ládípò l'Ékòó.

Kí wá ni ìyàtọ̀? Àwọn tó ń wà á sọ pé inú rẹ̀ máa ń pa lọ́lọ́, pé kòtò ojú ọ̀nà kì í fi bẹ́ẹ̀ dun èèyàn, àti pé bí wọ́n bá wà á láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yìn kì í ro wọ́n. Agbára ẹṣin 272 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní. Ti Camry 2.4 jẹ́ 158. Bí ẹ bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀ ní ọ̀nà Lọ́kọ́ja, ẹ máa mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Àmọ́ ohun kan wà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: ẹ̀yìn Lexus yìí kò fẹ̀ tó ti Camry. Ààyè ẹsẹ̀ ní ìjókòó ẹ̀yìn ES 350 jẹ́ íńṣì 35.9, ti Camry "Muscle" jẹ́ 38.3, ti Avalon sì jẹ́ 40.9. Bí àwọn ọmọ yín bá ti ga, tàbí tí ẹ máa ń gbé ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sẹ́yìn wò kí ẹ tó sanwó.

Epo ńkọ́?

"V6 yẹn ń mu epo bí omi." Ẹnu àwọn tí kò tíì rà á la ti sábà ń gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, ìbẹ̀rù náà ti le sí i, a ò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde fún àwọn ọkọ̀ 2008 fi hàn pé lójú ọ̀nà jíjìn, lítà 1 ń gbé ES 350 rin nǹkan bíi kìlómítà 11.5, ó sì ń gbé Camry 2.4 rin nǹkan bíi 13. Kánò sí Ìbàdàn ju kìlómítà 800 lọ. Nínú 800 yẹn, Lexus á mu bíi lítà 70, Camry á mu bíi 61. Ìyàtọ̀ wọn kò pé lítà 10.

Nínú ìlú, lítà 1 ń gbé Lexus rin bíi kìlómítà 8, Camry bíi 9. Ọjọ́ orí ọkọ̀, AC àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á jẹ́ kí méjèèjì mu jù báyìí lọ, àmọ́ ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó èyí tí wọ́n ń pariwo rẹ̀. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àárọ̀ àtalẹ́ ni yóò mọ̀ ọ́n lára jù.

Ibi tí owó ń gbà lọ

ES 330 (2004 sí 2006): bẹ́líìtì tí wọ́n ń pè ní timing belt ló wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti rin máìlì 90,000, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 145,000. Bí ẹni tó ń tà á ò bá lè sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbéra ìrìn àjò kankan. Bó bá já lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì máa kú síbẹ̀ ni.

ES 350: ṣéènì ló ń lò, kò ní wàhálà bẹ́líìtì yìí. Ṣùgbọ́n plọ́ọ̀gì 6 ló ní, 3 sì wà lẹ́yìn pátápátá, tó jẹ́ pé mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ tú òkè ẹ́ńjìnnì kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Owó iṣẹ́ rẹ̀ á ju ti Camry 2.4 lọ. Ẹ tún ní kó wo páìpù ọ́ìlì VVT-i. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní rọ́bà láàárín, rọ́bà yẹn sì lè bẹ́, kí ọ́ìlì dà tán kí ẹ tó mọ̀. Onírin pátápátá ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Oòrùn òkè Ọya náà tún ń ba dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́. Ó lè máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ tàbí kó sán.

Camry 2.4: kò mọ́ bí èèyàn ṣe rò. Ẹ́ńjìnnì ti 2007 sí 2009 ní orúkọ pé ó máa ń jẹ ọ́ìlì. Ẹ máa yọ ọ̀pá ọ́ìlì wò lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

Àwọn tó ń gbádùn Lexus wọn, wọn ò ná gbogbo owó wọn tán lórí ríra. Bí owó ọ̀hún bá jẹ́ ọ̀nà 5, ẹ fi 4 ra ọkọ̀, kí ẹ fi 1 pamọ́ fún sọ́ọ̀kì, táyà, plọ́ọ̀gì àti ohun tí ẹ ò tíì rí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ohun 2 tó kan ẹ̀mí

Lóṣù kẹjọ 2009, ES 350 kan ní California pa èèyàn 4. Kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, ti ọkọ̀ mìíràn ni. Ó há ibi tí wọ́n fi ń tẹná mọ́lẹ̀, ọkọ̀ ò sì dúró mọ́. Toyota pe ọkọ̀ tó ju mílíọ̀nù 3 padà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lórí kápẹ́ẹ̀tì níbi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sí.

Èkejì ni airbag Takata. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń ba ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ bó bá ti pẹ́, á wá bú, á sì fọ́n irin sí èèyàn lára. ES 350 ti 2007 sí 2012 wà lára àwọn tí wọ́n pè padà, ní ẹ̀gbẹ́ ẹni tó jókòó ti awakọ̀. Bí tòkunbọ̀ yín bá wá láti Amẹ́ríkà, ẹ tẹ VIN rẹ̀ tó jẹ́ 17 sórí ìkànnì NHTSA. Ọ̀fẹ́ ni.

Ewo wá ni kí ẹ rà?

Bó bá jẹ́ pé ìwọ àti ìyàwó lẹ sábà ń rìn, tí ọ̀nà jíjìn sì pọ̀ fún yín, ES 350 ló yẹ yín. Bí ilé yín bá kún, Avalon ni: ẹ́ńjìnnì kan náà, ààyè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń rìn nínú ìlú ní tirẹ̀, Camry 2.4 tí kò jẹ ọ́ìlì tàbí Accord 2.4 ti 2008 ("Evil Spirit") á tẹ́ ẹ lọ́rùn. Accord le díẹ̀ lórí kòtò, àmọ́ ó dì mọ́lẹ̀ ní kọ́nà.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kù. Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọkọ̀ lọ̀ yín tí owó rẹ̀ rọjú jù, ẹ béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ojú ọ̀nà, pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ àti ẹrù ọdún nínú ọkọ̀, kọ́ ló yẹ kí ẹ ti gbọ́ pé ìwé yín ò pé.