Kẹ̀kẹ́ Ológeere Tí Ó Yẹ Àgbẹ̀ Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọ̀kadà láti Ilé-Ifẹ̀ sí ọ̀nà Ifẹ̀tẹ̀dó tàbí Ìpetumodù ti di ohun tí ń jẹ èrè oko. Ẹni tí ó bá tún ń ro ti kẹ̀kẹ́ ológeere, irú èyí tí àwọn bàbá wa gùn lọ sí oko kòkó, kò ro ìròkurò. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kan náà ni yóò gba títì ọlọ́dà kọjá, tí yóò sì wọ ọ̀nà oko tí ó kún fún gbòǹgbò àti kòtò.

Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ọ̀nà gbo ara ẹni jìgìjìgì. Táyà kẹ̀kẹ́ àtijọ́ fẹ̀ ní íǹṣì 1½. Ó ń yá lórí ọ̀dà, ṣùgbọ́n ó ń rì nínú yanrìn. Èyí tí ó fẹ̀ tó íǹṣì 1¾ sí 2 ni ó bá ọ̀nà wa mu. Ẹ má ra èyí tí eyín rẹ̀ ga jù, nítorí ó ń fa ènìyàn sẹ́yìn lórí títì.

Ìwọ̀n ara ni ó tẹ̀lé e, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ra ìrora wálé. Ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì la kẹ̀kẹ́ láàárín, kí gìgísẹ̀ kan ilẹ̀. Irin òkè kò gbọdọ̀ kàn yín lábẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó lórí gàárì, kí ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán. Bí gàárì bá rẹlẹ̀ jù, orúnkún ni yóò jìyà rẹ̀. Kí hándù ga tó gàárì tàbí kí ó ga jù ú lọ díẹ̀, kí ẹ̀yìn má baà tẹ̀. Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ tó ní oko. Fún àgbàlagbà tí kò lè gbé ẹsẹ̀ sókè dáadáa mọ́, èyí tí irin rẹ̀ rẹlẹ̀, tí a ń pè ní kẹ̀kẹ́ obìnrin, ni mo fara mọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bíréèkì kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré. Lára kẹ̀kẹ́ àtijọ́, rọ́bà bíréèkì ń fún irin dídán tí ó di táyà mú. Bí òjò bá ti pa irin náà, rọ́bà a máa yọ̀, kẹ̀kẹ́ kò sì ní tètè dúró. Ní Ifẹ̀ tí òkè yí ká, láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, ewu ńlá ni èyí fún ẹni tí ó di ẹrù kòkó sẹ́yìn tí ó ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ wá èyí tí irin táyà rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní bíréèkì. Ẹ bu omi sí i, kí ẹ dán an wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Sípíríǹgì iwájú tí ó wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ń wu ojú, ṣùgbọ́n ó wúwo, bí ó bá sì gbó, a máa mì. Sípíríǹgì abẹ́ gàárì tó.

Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ìwọ̀n táyà gbogbo wọn jẹ́ ọ̀kan náà, kí ọmọ ẹgbẹ́ lè yá ara wọn ní tíúbù. Ẹ ka nọ́ńbà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tán: 26 × 1⅜ àti 26 × 1.75 kò lè wọ irin kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 26 ni a kọ sára àwọn méjèèjì.