Tíì Mímu Láàárín Wa: Kí Ló Ń Mú Un Tà, Kí Ló Ń Dá A Dúró?

Nínú ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan dá ariwo sílẹ̀. Páálí tíì eléwé tí ìgbìmọ̀ ọjà rà sílẹ̀ de ọyẹ́ ló wà ní yàrá ọjà títí ọyẹ́ fi lọ, tí kò tà. Àwọn kan ní ìgbìmọ̀ kò mọ ọjà rà. Àwọn kan ní ọyẹ́ ọ̀hún ni kò mú. Ẹnì kan tilẹ̀ dìde, ó ní àwọn èèyàn wa ò mu tíì mọ́. Owó tó há sínú páálí yẹn kì í ṣe owó ìgbìmọ̀, owó ìfipamọ́ gbogbo wa ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù yìí: ta ló ń mu tíì ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìgbà wo ni wọ́n ń mu ún, kí ló sì ń jẹ́ kí wọ́n jáwọ́?

Ká tó lọ jìnnà, kí là ń pè ní tíì? Bí ẹ bá yà sílé ẹbí yín kan ní Iléṣà láàárọ̀, tí ìyàwó ilé kúnlẹ̀ kí yín, tó ní, "Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n po tíì fún yín," kò sí bí ẹ ṣe lè mọ ohun tó ń bọ̀. Ó lè jẹ́ Bournvita. Ó lè jẹ́ Milo tàbí Ovaltine. Èyí tó jẹ́ ewé gan-an, Lipton là ń pè é, ì báà jẹ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Gbogbo wọn ni tíì lẹ́nu wa. Òyìnbó kò ní gbà bẹ́ẹ̀ o. Lọ́dọ̀ tiwọn, ewé igi kan tó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá ló ń jẹ́ tíì, ìyókù ní orúkọ tirẹ̀.

Ẹ wá wò ó. Ovaltine, ìlú Bern ní Switzerland ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1904. Milo, Ọsirélíà ló ti jáde ní 1934. Bournvita gba orúkọ rẹ̀ lára Bournville, àdúgbò tí àwọn Cadbury kọ́ sí ẹ̀bá Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kòkó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kòkó yìí kan náà ni àwọn bàbá wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti ń gbìn láti nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àgbẹ̀ tó bá jí láàárọ̀ ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà tó po tíì, irú ohun tó wà lóko rẹ̀ ló ń mu, àfi pé ó ti dé ọ̀nà jíjìn, bóyá Ìkejà, níbi tí Cadbury ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1965, ó ti gba ṣúgà àti nǹkan mìíràn mọ́ra, kó tó padà wálé nínú agolo. Iye tí a ń tà á àti iye tí a fi ń rà á padà, ẹ̀yin àgbẹ̀ inú wa mọ̀ ọ́n jù wá lọ.

Tíì eléwé ní tirẹ̀ gba ọ̀nà méjì dé ọ̀dọ̀ wa, orúkọ rẹ̀ sì fi hàn. Àwọn ará Ṣáínà kan tó wà létí òkun ń pè é ní "te", ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ń pè é ní "chá". Èyí tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù ló di "tea" lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló bá míṣọ́nnárì, tíṣà àti akọ̀wé wọ̀lú, tí àwa ń pè ní tíì. Èyí tó gba orí ilẹ̀ di "shay" lẹ́nu àwọn Lárúbáwá, ó di "shayi" lẹ́nu àwọn Haúsá, òun la gbọ́ lẹ́nu wọn tí a fi ń pe àbókí onítíì ní mẹ́ṣáì. Méjèèjì pàdé ní Òṣogbo. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ìṣòwò àwa àti àwọn ará Òkè Ọya gbòòrò sí i, Sábó sì di ibùdó wọn láàárín wa.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí tíì ṣe ń tà, kó má lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì, ìdí mẹ́ṣáì ni kó lọ jókòó. Kó lọ ní aago mẹ́fà àárọ̀, tàbí kó lọ lálẹ́ nígbà tí wọ́n bá ti kírun tán. Tábìlì kan, bẹ́ńṣì méjì, kẹ́tùrù ńlá lórí èédú, agolo mílíìkì tí wọ́n tò lórí ara wọn bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àbókí á máa da tíì láti inú kọ́ọ̀bù kan sínú èkejì, á na ọwọ́ sókè, tíì á gùn bí okùn, ẹ̀kán kan ò ní ta sílẹ̀, títí tí yóò fi yọ ìfófòó, tí yóò sì tutù díẹ̀ fún ẹnu. Búrẹ́dì ń bẹ níbẹ̀, bọ́tà ń bẹ, ẹyin díndín ń bẹ, índómì náà ti dé sí i. Àwọn wo ló jókòó? Ọlọ́kadà, awakọ̀ tó ń mú ọ̀nà Ìbàdàn pọ̀n, ọlọ́dẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí kò ní sítóòfù. Ọkùnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Obìnrin tó bá fẹ́, á rán ọmọ wá pẹ̀lú fúláàsìkì. Ẹ óò rí i pé lọ́jọ́ tí búrẹ́dì bá gbówó lórí, bẹ́ńṣì á ṣófo, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fi kọ́bọ̀ kan lé owó tíì.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Tíì lọ́dọ̀ wa kì í ṣe ohun mímu lásán, oúnjẹ ni. Òyìnbó lè mu ife kan ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú bísíkíìtì kan ṣoṣo, kó ní òun ti gbádùn. Ìjẹ̀ṣà tó ti jẹ iyán lọ́sàn-án, kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe? (Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ọmọ Ọ̀wá, ọmọ ilé ló ń bú ara wọn.) Ààyè ẹ̀kọ gbígbóná ni tíì wá bá wa gbà láàárọ̀, búrẹ́dì sì jókòó sí ààyè àkàrà. Ohun tó bá máa gba ààyè ẹ̀kọ, ó gbọ́dọ̀ ki, ó gbọ́dọ̀ dùn, ó gbọ́dọ̀ dúró nínú ikùn. Mílíìkì àti ṣúgà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe ewé. Bí ẹ bá gbé tíì dúdú tí kò ní mílíìkì síwájú àlejò, á bi yín léèrè pé ta ni ara rẹ̀ ò yá. Ọmọdé á ní omi gbígbóná ni.

Àṣìṣe wa nìyẹn. Ìgbìmọ̀ rí i pé ewé kò wọ́n, wọ́n rà á lọ́pọ̀. Wọn ò wo ibi tí owó mílíìkì dé.

Ọ̀rọ̀ mílíìkì yìí kì í ṣe tòní. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà lè rántí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí mílíìkì, ṣúgà, ìrẹsì àti ọṣẹ di ohun tí à ń tò sórí ìlà fún. Ìlà ọdún 1984 kò ṣeé gbàgbé, ẹni tó bá rí agolo mílíìkì méjì gbà á fi aṣọ bò ó lọ sílé. Ní 1986, ìjọba fòpin sí àjọ tó ń bá àgbẹ̀ ra kòkó, ọwọ́ àgbẹ̀ tú láti tà á fún ẹni tó wù ú, ṣùgbọ́n ọdún yẹn náà ni wọ́n yí ètò owó padà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Kí àgbẹ̀ tó ka owó kòkó tán, owó ohun tí yóò fi rà ti ga.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rá kékeré dé. Nínú àwọn ọdún 1990 ni mílíìkì Cowbell inú ọ̀rá gba ìgboro, àwọn yòókù sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ọ̀rá yìí yí ìwà wa padà gan-an. Nígbà tí agolo nìkan ló wà, ẹni tó ń gba owó oṣù ló ń ra tíì. Agolo á wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, bàbá á mu, àlejò á mu, àwọn ọmọ á dúró de ìsàlẹ̀ ife. A tún ń gbé e lọ kí ìyá ìkókó àti aláìsàn ní ọsibítù, ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ń gbé, bíi Ilesa Grammar School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1934, á kó tirẹ̀ sínú àpótí, á fi kọ́kọ́rọ́ tì í pa. Ní báyìí, aláàárù ọjà Àtàkúnmọ̀sà lè ra ọ̀rá kan, kó po ó, kó sì máa bá ẹrù rẹ̀ lọ. Ẹni tó rówó lónìí á rà á lónìí. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin oníṣòwò máa wo iye gíráàmù tí wọ́n kọ sára ọ̀rá, kì í ṣe àwòrán nìkan. Nígbà mìíràn owó á dúró síbi tó wà, ohun inú rẹ̀ á dín kù. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni agolo ńlá ń dínwó ju ọ̀rá lọ, ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó kó o.

Owó oṣù náà ń kó o. Nígbà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń gba ààbọ̀ owó oṣù láti 2015 títí wọ 2018, ta ni kò mọ ilé tó padà sídìí ẹ̀kọ? Ẹ̀kọ ò burú, a ò bú ẹ̀kọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara rẹ̀. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí ₦460 kọjá ₦1,500 ní 2024. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ mílíìkì ìyẹ̀fun tí à ń mu ti ń wá, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Láàárín ìgbà kan náà, kòkó lọ sókè débi tí ẹnikẹ́ni ò débẹ̀ rí: tọ́ọ̀nù kan tó wà ní nǹkan bí $2,500 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 kọjá $12,000 ní oṣù Kejìlá 2024, nítorí ojú ọjọ́ àti àrùn kòkó ní Gáńà àti Côte d'Ivoire. Ó tún wálẹ̀ ní 2025. Inú àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà dùn, ṣùgbọ́n Bournvita náà gbówó lórí. Bó ṣe ń lọ nìyẹn: ohun kan náà tó sọ àgbẹ̀ di olówó ló ń sọ ife tíì rẹ̀ di ọ̀wọ́n.

Ní ti àsìkò, kí a má parọ́, ọyẹ́ ń mú tíì tà, pàápàá ní apá Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tí òkè yí ká. Àmọ́ ààwẹ̀ Ràmàdáánì ń ṣe ju ọyẹ́ lọ ní Òṣogbo, torí tíì ni ọ̀pọ̀ fi ń jẹ sààrì, òun náà ni wọ́n fi ń ṣínu. Oṣù Ràmàdáánì sì ń yí kiri inú ọdún, nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ń wá síwájú lọ́dọọdún. Ẹni tó ń kó ọjà tíì sílẹ̀ de oṣù Kejìlá nìkan, tí kò wo kàlẹ́ńdà àwọn Mùsùlùmí, á pàdánù. Ìwọlé àwọn ọmọ ilé-ìwé àti ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì ń mú un tà díẹ̀díẹ̀.

Àwọn àgbà kan ń jáwọ́ nítorí ìtọ̀ ṣúgà, wọn ò ṣe àṣejù. Síbí kékeré kan ṣúgà jẹ́ nǹkan bí gíráàmù mẹ́rin, àwọn mìíràn sì ń da síbí márùn-ún sínú Milo tí ṣúgà ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn yìí gan-an ló ń bọ̀ sídìí eléwé tàbí koríko ọba, èyí tí àwọn kan ń pè ní ewé tíì, tó ń hù lẹ́yìnkùlé lọ́fẹ̀ẹ́. Kí aboyún àti ọmọdé má kàn máa mu tíì eléwé pọ̀ mọ́ oúnjẹ, nítorí kì í jẹ́ kí ara gba ayọ́ọ̀nù inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà dáadáa. Kí wọ́n fi nǹkan bí wákàtí kan sí i láàárín.

Ẹnì kan bèèrè ní ìpàdé pé kí ló dé tí àwa náà ò gbin ewé yìí. Wọ́n ń gbìn ín ní Nàìjíríà, ní òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba, ibẹ̀ ga, ibẹ̀ sì tutù, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìbàdàn sì wà lára àwọn tó ń ṣe ìwádìí lé e lórí. Ilẹ̀ tiwa kò ga tó bẹ́ẹ̀. Kòkó ni tiwa.

Ní ti páálí tó wà nílẹ̀, ìgbìmọ̀ ti gbà pé kí á má gbé e fún ọmọ ẹgbẹ́ ní tipátipá, kí á tà á ní iye tí a rà á fún àwọn mẹ́ṣáì, torí àwọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi mílíìkì bò ó. Kí á tó ra ọjà mìíràn, mílíìkì la ó kọ́kọ́ rà, a ó rà á kí ọyẹ́ àti Ràmàdáánì tó sún mọ́lé, a ó sì bi ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan iye tó fẹ́, ọlọ́rá tàbí alágolo. Ìwé tí ẹ óò kọ ọ́ sí wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹ bá a kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó pé.