Kí Bíríkìlà Tó Po Sìmẹ́ńtì: Bí A Ṣe Ń Ya Pùláànù Balùwẹ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà

Ní agbègbè wa níbí, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ̀dá títí dé Ìgàndò, ojoojúmọ́ là ń rí ilé tí wọ́n ń tún ṣe. Onílé tó kọ́ face-me-I-face-you láyé ọjọ́un fẹ́ sọ ọ́ di self-contain, torí pé ayálégbé òde òní kò fẹ́ máa tò sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ mọ́. Stóò á di balùwẹ̀, igun kíṣíìnì á di ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bíríkìlà á fi ojú wọ̀n ọ́n, á ní, "Ó máa gbà á." Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nìyí: báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá ó máa gbà á lóòótọ́, kí owó tó wọlẹ̀?

Pùláànù ni àwòrán yàrá bí ẹni pé a ká òrùlé rẹ̀ kúrò, tí a wá ń wò ó láti òkè. Ògiri á hàn, fèrèsé á hàn, ilẹ̀kùn náà á hàn pẹ̀lú ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ, tó ń fi àyè tó máa gbà hàn bó bá ń ṣí. Àwa tó ń ṣe Technical Drawing máa ń fi T-square yà á ní ìwọ̀n 1:50, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà 1 lórí ìwé dúró fún 50 nínú ilé. Kọ̀ǹpútà kò yí ìyẹn padà. Ohun tó fi kún un ni pé ẹ lè gbé nǹkan kúrò nígbà ogún láìfi ìwé ṣòfò.

Èyí tí mo ń lò ni Sweet Home 3D. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Emmanuel Puybaret, ló ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Bó bá ti wọnú kọ̀ǹpútà tán, ó lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà. AutoCAD, tó ti wà láti 1982, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó fi iṣẹ́ yìí jẹun ń lò, àmọ́ owó rẹ̀ wọ́n, ó sì ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára. Fún balùwẹ̀ kan ṣoṣo, Sweet Home 3D tó gẹ́ẹ́.

Ṣùgbọ́n téèpù ló ń ṣáájú máòsì o. Ẹ má fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ẹ má sì fi ọwọ́ nà án. Ìka ò dọ́gba. Ẹ fi téèpù wọn inú yàrá ní ibi méjì fún ìbú, ibi méjì fún òòró, torí pé ògiri mìíràn máa ń wọ́. Nọ́ńbà tó kéré jù ni kí ẹ mú. Kí ẹ sì wo ìta: ẹ̀gbẹ́ wo ni sọ́kàwéè wà? Ìhà yẹn ló yẹ kí WC wà, kí páìpù má baà gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Àpẹẹrẹ tí mo máa lò ni stóò kan nílé tí à ń gbé ní Ìgàndò. Onílé gbà pé kí a sọ ọ́ di balùwẹ̀ nítorí ìyá àgbà mi. Ọ̀pá ni màmá fi ń rìn, balùwẹ̀ gbogbogbòò sì wà lẹ́yìnkùlé lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń yọ̀ lóru. Inú stóò náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150 ní ìbú, 210 ní òòró.

Ẹ fiyè sí èyí dáadáa. Bí ẹ bá ń fa ògiri nínú Sweet Home 3D, àárín ògiri ni ìlà yẹn ń gbà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ inú. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́fà nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Bí ẹ bá tẹ 150 síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ògiri ọ̀tún àti tòsì á jẹ nínú rẹ̀, inú yàrá á ku 135. Nítorí náà, ẹ fi 15 kún un: 165 fún ìbú, 225 fún òòró. Ẹ kọ́kọ́ yí nínípọn ògiri sí 15. Bí ẹ bá wá ń fa ìlà, ẹ tẹ Enter, kí ẹ fi nọ́ńbà kọ gígùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú Create rooms, kí ẹ tẹ àárín ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀mejì. Ó máa kọ ìwọ̀n ilẹ̀ náà jáde fúnra rẹ̀: 3.15 m².

Ó kan ẹrù. WC wà níbẹ̀, ọpọ́n ìfọwọ́ wà, àní ọpọ́n ńlá tí àwọn òyìnbó ń sùn sínú rẹ̀ wẹ̀ wà pẹ̀lú. Ohun tí n kò rí ni garawa! Bẹ́ẹ̀ garawa ni ọ̀pọ̀ wa fi ń wẹ̀, torí omi kì í sábà yọ lẹ́rọ. Mo mú nǹkan mìíràn tó wà níbẹ̀, mo yí ìbú rẹ̀ sí 35, mo sì sọ ọ́ ní "garawa." Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún àga rọ́bà tí màmá á máa jókòó lé wẹ̀: 50 sí 50. Ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sọ fún yín bí ẹ ṣe ń gbé ayé yín; ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún un.

Bíríkìlà ti ní àárín ògiri kékeré lòun máa gbé ilẹ̀kùn sí, kó máa ṣí sínú, kí WC wà lápá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà. Mo tò ó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ilẹ̀kùn jẹ́ 75, WC jẹ́ 40 sí 70. Ìlà ilẹ̀kùn gba orí WC kọjá! Ìyẹn ni pé kò ní ṣí dé ìdajì kó tó gbá a. Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ wà: bí àgbàlagbà bá ṣubú nínú balùwẹ̀ kékeré tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sínú, ara rẹ̀ gan-an ló máa dí ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó fẹ́ gbà á sílẹ̀.

Mo wá gbé ilẹ̀kùn sí apá ọ̀tún, kó máa ṣí síta. Mo gbé WC lọ sí ògiri ẹ̀yìn, níhà sọ́kàwéè. 210 yọ 70, ó ku 140 níwájú rẹ̀. Àga àti garawa lápá òsì jẹ́ 85. 150 yọ 85, ó ku 65 tí màmá á máa gbà kọjá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Àárín WC fi 45 jìnnà sí ògiri ọ̀tún, kí ọwọ́ lè tó irin ìdìmú. Nígbà tí mo fi bébà náà han bíríkìlà, ó wò ó títí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, gbé téèpù wá." Ó tún un wọ̀n, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà rẹ̀ sílẹ̀.

Pùláànù tún ń sọ iye táìsì. Táìsì 30 sí 30: márùn-ún ní ìbú, méje ní òòró, ó jẹ́ 35. Ẹ fi díẹ̀ kún un fún èyí tó máa fọ́.

Àwọn nǹkan kan wà tí àwòrán kò lè fojú rí. Àkọ́kọ́, ilẹ̀ balùwẹ̀ gbọ́dọ̀ dà sí ìhà ibi tí omi ń gbà jáde, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 nínú mítà kan. Ẹ kọ ọ́ sórí àwòrán. Ìkejì ni kànga. Ìwé ìlànà Sphere, tí àwọn àjọ ìrànwọ́ ń tẹ̀lé káàkiri àgbáyé, ní kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fi ó kéré tán mítà 30 jìnnà sí orísun omi abẹ́ ilẹ̀. Ìdajì púlọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 60 kò pé mítà 26 láti igun dé igun! Ẹ jẹ́ kí kànga àti sọ́kàwéè jìnnà síra dé ibi tí ilẹ̀ bá gbà, ẹ wo ti aládùúgbò náà, ẹ má sì mu omi kànga láìsè é.

Ẹ má rò pé sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ kò já mọ́ nǹkan. Láyé Alhaji Lateef Jákáńdè, gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀sítéètì olówó pọ́ọ́kú, ọ̀kan sì wà ní Abẹ́sàn n'Ípájà, nínú Alímọ̀ṣọ́ wa yìí. Ẹni tó bá ti débẹ̀ mọ̀ pé ilé kan jọ èkejì. Bí àwòrán kan bá ń bí ilé púpọ̀ báyẹn, ìdílé púpọ̀ ló ń jẹ èrè tàbí ìyà rẹ̀.

Àmọ́ o, àwòrán wa kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé tuntun l'Ékòó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ LASPPPA, ayàwòrán-ilé tó forúkọ sílẹ̀ ló sì yẹ kó ya tirẹ̀. Tiwa wà fún kí a lè bi ìbéèrè tó yẹ kí búlọ́ọ̀kù tó dúró.

Ẹ yá téèpù nílé lálẹ́ òní, kí ẹ wọn balùwẹ̀ yín: ìbú, òòró, ilẹ̀kùn, àti àyè tó wà níwájú WC. Bí èyí tó kẹ́yìn kò bá tó 60, ẹ mú nọ́ńbà náà wá bá mi ní SS2. A ó jọ tún un tò.