Ọkọ̀ Yín Nìyí: Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Kejì Wà?

Bí ẹnìkan nínú ìjọ bá ra ọkọ̀, ohun tí a mọ̀ láti ṣe ni pé kí ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wá síwájú pẹpẹ, kí a gbàdúrà sí i, kí a sì bá a yọ̀. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ sí ìdílé kan ní Itele tí ó mú kí àwa tí a ń kọ ojú ìwé yìí bi ara wa léèrè pé: kọ́kọ́rọ́ mélòó ni ọkọ̀ òde òní ní? Ṣé èyí tí a mú wá síwájú pẹpẹ nìkan ni?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Bàbá ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà, màmá sì ń tajà ní Ayọbọ. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi tu owó jọ kí wọ́n tó ra tòkúnbọ̀ kan. Nítorí olè, wọ́n ní kí réwáyà bá wọn fi ẹ̀rọ atọpasẹ̀ sínú rẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí tracker. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, màmá ń bọ̀ láti ọjà, ọmọ méjì jókòó sẹ́yìn. Ibi tí ó ti ń rọra yẹ kòtò ni ẹ́ńjìnì ti kú pátápátá. Ó yí kọ́kọ́rọ́ títí, ọkọ̀ kò dáhùn. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé àwọn ọlọ́kadà kan tí wọ́n dá màmá náà mọ̀ bá a ti ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì dúró tì í títí ọkọ rẹ̀ fi dé.

Ní ọjọ́ kejì, mẹkáníìkì wo ọkọ̀ náà, kò rí ohun kan tí ó bàjẹ́. Ìgbà tí àwa àti bàbá jókòó tí a ṣí áàpù tracker náà lórí fóònù rẹ̀ ni a tó rí i: àṣẹ kan ti wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ pé kí ẹ̀rọ náà dá epo dúró. Kì í ṣe bàbá ni ó fi í ránṣẹ́. Kì í sì í ṣe màmá.

A tọ réwáyà lọ.

“Ọ̀gá, nọ́ńbà àṣírí wo ni ẹ fi sí i?”

“Ẹ má ṣe ìyọnu, sà. 123456 ni. Bí wọ́n ṣe kó o dé náà ni.”

“Ṣé òun náà ni ẹ fún àwọn oníbàárà yín yòókù?”

“Òun náà ni, sà. Kí ó má baà nira fún wọn láti rántí.”

“Àwọn wo ni ó mọ nọ́ńbà síìmù inú rẹ̀?”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Èmi, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Àwọn méjì ti gba fírídọ̀mù, wọ́n ti lọ.”

Títí di òní, a kò mọ ẹni tí ó fi àṣẹ náà ránṣẹ́. Ó lè jẹ́ ẹni tí ó ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹni tí ó kàn fẹ́ dán an wò. Ohun tí a mọ̀ ni pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹni tí ó bá fẹ́ sì lè wọlé. Ẹni tí ó lè dá ọkọ̀ dúró náà lè mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Ó lè mọ ilé ẹ̀kọ́ tí màmá ń gbé àwọn ọmọ lọ, àti aago tí ó ń lọ gbé wọn.

ỌKỌ̀ TÍ Ó Ń SỌ̀RỌ̀

Láyé ìgbà tí Peugeot 504 gbòde, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ọkọ̀ rẹ lọ ní láti tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni. Lónìí, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ròyìn. Tracker kò ju páálí ìṣáná lọ. Ó ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tí ó wà lókè, ìyẹn ni ó fi ń mọ ibi tí ó wà. Ó ní síìmù nínú bíi ti fóònù, ìyẹn ni ó fi ń sọ ibẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí réwáyà bá sì so ó mọ́ wáyà epo tàbí ti ẹ́ńjìnì, ó lè gba àṣẹ láti òkèèrè pé kí ọkọ̀ dúró.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun kò tilẹ̀ dúró de réwáyà mọ́. Láti ilé iṣẹ́ tí a ti ṣe wọ́n ni wọ́n ti ní síìmù àti kọ̀ǹpútà nínú. Wọ́n lè mọ bí o ṣe ń sáré tó, bí o ṣe ń tẹ bíréèkì, ibi tí o sùn ní àná, àti orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà nínú fóònù tí o so mọ́ wọn.

KÌ Í ṢE ITELE NÌKAN

Ẹ má ṣe rò pé réwáyà wa nìkan ni ó ṣe àṣìṣe yìí. Ní oṣù keje ọdún 2022, àwọn olùwádìí ilé iṣẹ́ BitSight ní Amẹ́ríkà sọ ohun tí wọ́n rí nínú tracker kan tí a ń pè ní MiCODUS MV720, tí iye rẹ̀ kò ju nǹkan bí ogún dọ́là lọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ nínú ọkọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè 169. Nọ́ńbà àṣírí tí ó bá a wá ni 123456, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú èyí tí wọ́n yẹ̀ wò ni a kò sì pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n tún rí i pé àléébù mìíràn wà nínú rẹ̀ tí àjèjì fi lè tọpasẹ̀ ọkọ̀ tàbí kí ó dá epo rẹ̀ dúró. Àjọ CISA ti ìjọba Amẹ́ríkà náà ké gbàjarè.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní ọdún 2015, àwọn ọkùnrin méjì, Charlie Miller àti Chris Valasek, jókòó sílé, wọ́n sì gba ìjánu Jeep Cherokee kan tí ó ń sáré lójú títì nítòsí ìlú St. Louis. Akọ̀ròyìn tí ó ń wà á mọ̀ nípa rẹ̀ ṣáájú, nítorí ìdánwò ni. Wọ́n tan rédíò, wọ́n fọn omi sójú dígí, wọ́n sì mú kí ọkọ̀ náà má lè sáré mọ́ láàrin àwọn tírélà. Nítorí èyí, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é pe ọkọ̀ mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ ogún, ìyẹn 1,400,000, padà fún àtúnṣe.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, ìròyìn jáde ní Jámánì pé àkọsílẹ̀ nǹkan bí 800,000 ọkọ̀ oníná ti ilé iṣẹ́ Volkswagen wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìtì dáadáa. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ènìyàn lè rí ibi tí a gbé ọkọ̀ sí gan-an. Bí ọlọ́rọ̀ bá lè gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí tálákà yẹ tirẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.

TÒKÚNBỌ̀ ÀTI OLÓWÓ RẸ̀ ÀKỌ́KỌ́

Àwa ará Ọ̀tà mọ tòkúnbọ̀ dáadáa. Ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, tí ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti wọ̀lú láti Kútọnu kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017. Ẹni tí ó ra tòkúnbọ̀ máa ń yẹ ẹ́ńjìnì àti jíà wò. Mélòó nínú wa ni ó ń yẹ ohun tí ó wà nínú rẹdíò rẹ̀ wò?

Nínú ọ̀kan náà ọdún 2017 ni Charles Henderson, ọmọ iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, sọ fún gbogbo ayé pé òun ti ta ọkọ̀ òun tipẹ́, síbẹ̀ áàpù orí fóònù òun ṣì ń fi ibi tí ó wà hàn òun. Ó lè ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì lè fọn fèrè rẹ̀. Ẹni tí ó rà á kò mọ̀.

Nígbà tí a tan ojú ẹ̀rọ ọkọ̀ ìdílé Itele náà, a bá orúkọ àti nọ́ńbà àwọn ènìyàn tí a kò mọ̀ rí níbẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ ní òkè òkun. Ojú tì wá bí ẹni tí ó ṣèèṣì wọ yàrá onílé. Màmá wí pé, “Ẹ pa á rẹ́ kíákíá. Bí a ṣe rí tiwọn yìí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá rà á lọ́wọ́ wa yóò rí tiwa.” Òótọ́ ni ó sọ.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu bu ọwọ́ lu Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, tí àjọ NDPC ń mójú tó. Ilé iṣẹ́ tí ó bá ń gba ìròyìn nípa rẹ, títí kan èyí tí ó ń ta tracker, gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. O ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn, àti pé kí wọ́n tún èyí tí kò tọ̀nà ṣe. Bí àṣírí bá tú tí ó sì lè pa ènìyàn lára, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún àjọ náà láàrin wákàtí 72.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní tírélà ní Sango-Ọ̀tà àti Agbára, ẹ sọ fún awakọ̀ yín pé tracker wà nínú ọkọ̀ àti ìdí tí ó fi wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tọkọtaya, ìfẹ́ wọ yàrá yín. Ẹ jọ mọ̀ pé ẹ̀rọ wà níbẹ̀, kí ẹ jọ mọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ọkọ fi pamọ́ kí ó lè máa ṣọ́ ìyàwó kì í lé olè. Ilé ni ó ń tú.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

1. Lọ́jọ́ tí a bá fi tracker sí ọkọ̀ yín ni kí ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fúnra yín. Kí ó má jẹ́ ọjọ́ ìbí, kí ó má sì jẹ́ nọ́ńbà ọkọ̀.

2. Ẹ ra síìmù inú rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ sì forúkọ ara yín sílẹ̀ fún un. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà rẹ̀ han ènìyàn.

3. Bí ẹ kò bá nílò kí ẹ̀rọ lè dá ẹ́ńjìnì dúró, ẹ ní kí réwáyà má so wáyà yẹn rárá. Mímọ ibi tí ọkọ̀ wà tó fún ọ̀pọ̀ ìdílé.

4. Bí ẹ bá ra tòkúnbọ̀, ẹ pa gbogbo ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ rẹ̀ rẹ́. Bí ọkọ̀ náà bá ní áàpù, ẹ ní kí aṣojú ilé iṣẹ́ yọ orúkọ ẹni àtijọ́ kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ ta tiyín, ẹ kọ́kọ́ ṣe bákan náà.

5. Ẹ má ṣe so fóònù yín mọ́ ọkọ̀ tí ẹ yá fún ọjọ́ kan.

6. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn láti inú àpò, ẹ má ṣe fi í sẹ́bàá ilẹ̀kùn lálẹ́. Àwọn olè ní Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀rọ tí ń fa àmì rẹ̀ jáde láti inú ilé. Agolo bisikíìtì onírin tí ìdérí rẹ̀ le lè dí àmì náà. Ẹ dán an wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

Ìdílé Itele ti pààrọ̀ nọ́ńbà àti síìmù, wọ́n sì ti yọ wáyà epo náà. Réwáyà pẹ̀lú ṣe ohun tí ó wú wa lórí: ó pe àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n wá pààrọ̀ tiwọn.

Nehemáyà gbàdúrà, ó sì tún yan olùṣọ́ sórí odi. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, nígbà tí ẹ bá tún mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá síwájú pẹpẹ, inú wa yóò dùn láti bá yín gbàdúrà. Lẹ́yìn àmín, a ó bi yín ní ìbéèrè kan péré: ṣé ẹ ti pààrọ̀ nọ́ńbà náà?