Bí Akọ Kìnnìún Ṣe Ń Di Onílẹ̀

Kò sí kìnnìún nínú igbó tí ó yí ìlú wa Ìwó ká. Inú oríkì àti àlọ́ ni a ti mọ̀ ọ́n. Ní Nàìjíríà lónìí, igbó ọba Kainji níhà ilẹ̀ Ìbàrìbá, àti ti Yankari ní Ìpínlẹ̀ Bauchi, ni ó kù sí, díẹ̀ sì ni. Wọ́n pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Pendjari, ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin.

A ń pè é ní ọba ẹranko, a sì rò pé òun nìkan ni ó ń dá jọba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1966 ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣọ́ kìnnìún ní Serengeti, ní ilẹ̀ Tanzania. Wọ́n rí i pé àwọn akọ máa ń kó ara wọn jọ kí wọ́n tó lè gba ilẹ̀.

Àwọn abo ni onílé. Ibi tí a bí wọn sí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé títí dọjọ́ ikú. Ṣùgbọ́n bí akọ bá ti tó ọmọ ọdún 2 tàbí 3, tí gọ̀gọ̀ ń hù lọ́rùn rẹ̀, wọ́n á lé e jáde. Òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà á jọ lọ. Èyí tí kò ní arákùnrin á wá àjèjì kan bá rìn.

Ìyà ń jẹ wọ́n nígbà náà. Wọn kì í sábà bú ramúramù, kí onílẹ̀ má baà gbọ́. Òmíràn á yọ jáde nínú igbó ọba, á kan màlúù, ó di ìjà òun àti darandaran nìyẹn. Ìbọn tàbí májèlé ni wọ́n fi ń pa á.

Èyí tí ó bá yè, ní nǹkan bí ọmọ ọdún 4 tàbí 5, ara rẹ̀ á ti le. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á wá onílẹ̀ tí ó ti darúgbó, wọ́n á lé e lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n á pa àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n bá níbẹ̀, kí àwọn ìyá lè tètè tún lóyún. Ó burú létí wa, ṣùgbọ́n bí tiwọn ti rí nìyẹn. Ọmọ tuntun sì ń fẹ́ tó ọdún 2 kí ó tó lè dá dúró, nítorí náà àwọn bàbá gbọ́dọ̀ ṣọ́ ilẹ̀ náà pẹ́.

Bí ọdẹ bá wá yìnbọn pa ọ̀kan nínú akọ méjì tí ó ń ṣọ́ ilẹ̀, ẹran kan ni ó rò pé òun pa. Agbára káká ni èkejì á fi dá ilẹ̀ náà dì mú. Àwọn mìíràn á wọlé, wọ́n á sì pa gbogbo ọmọ tí kò tíì lè sá.