Gbọ́mọgbọ́mọ kì í hu ìwo lórí: Ẹ kọ́ ọmọ yín bó ṣe máa figbe ta

Bí ẹ bá dé Adégbayì láàárọ̀ ọjọ́ iléèwé, ẹ ó rí wọn. Àwọn ọmọ kéékèèké á gbé báàgì kọ́ èjìká, wọ́n á máa yọ́ gba àárín máíkírà àtọ̀kadà kọjá. Ìyá ti lọ sọ́jà, bàbá ti wọkọ̀ lọ sí Ìwó Róòdù, ọmọ ló mọ bó ṣe máa dé kíláàsì. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni gbọ́mọgbọ́mọ ń wá.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àwàdà o. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2014, àwọn ọlọ́kadà tó ń wá ẹgbẹ́ wọn tó sọnù ló já wọ igbó Ṣóká n'Íbàdàn. Eegun òkú àtàwọn èèyàn tí ìyà ti jẹ kanlẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá Kano rí ọmọ mẹ́sàn-án gbà padà, àwọn tí wọ́n jí gbé ní Kano tí wọ́n sì tà sí Onitsha. Ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2024, àwọn agbébọn kó ọmọ iléèwé àti tísà wọn nínú bọ́ọ̀sì ní Emùré-Èkìtì.

Lóòótọ́, kò sí ohun tí ọmọdé lè fi ìbọn ṣe. Ṣùgbọ́n ẹnu dídùn ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Ẹ̀kọ́ ilé tí Yorùbá fi ń yangàn làwọn olè ọmọ mú lò: "Ọmọ dáadáa, wá bá mi gbé ẹrù yìí." Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ á kúnlẹ̀, á sì tẹ̀lé e.

Nítorí náà, ẹ fún ọmọ ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan. Ẹni tó bá ní "màmá rẹ ló rán mi", tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà, irọ́ ló ń pa. Bí wọ́n bá fà á, kó ju báàgì sílẹ̀, kó jókòó sílẹ̀ gbalaja, kó gé ọwọ́ náà jẹ, kó ta á nípàá lójúgun. Kì í ṣe pé kó dúró jà o, kó ráyè sá ni. Kó sá lọ sọ́dọ̀ ìyá alákàrà, kó má sá wọgbó. Kó má sì kàn máa sunkún, torí wọ́n á rò pé bàbá rẹ̀ ló ń bá a wí. Kó pariwo: "Mi ò mọ̀ ọ́n rí o! Kì í ṣe bàbá mi o!"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbọ́ igbe, ẹ gba ọmọ, ẹ di ẹni náà mú, ẹ pe 615. Ẹ má fi táyà kọ́ ọ lọ́rùn. Wọ́n ti pa aláìṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Àlejò nìkan sì kọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ba ọmọdé jẹ́ ló jẹ́ ẹni tọ́mọ mọ̀: ayálégbé, ẹbí, tísà. Ọmọ tí wọ́n bá nà nígbà tó kọ́kọ́ sọ òótọ́ kò ní sọ ìkejì.

Lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ tó paná, ẹ jẹ́ kó pariwo náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ará ilé bá bínú, ẹ bẹ̀ wọ́n. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.