Ide Ẹnuwá àti Iná Lésà

Ní ọdún 1938, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni ní Ẹnuwá, Ilé-Ifẹ̀, wọ́n kan àwọn orí tí a fi ide àti bàbà ṣe. Ní òde òní tí iná lésà ti ń fi irin lílọ̀ mọ odindi nǹkan, àwọn kan a máa sọ pé iṣẹ́ àwọn àgbà Ifẹ̀ wọ̀nyí ti di ohun tí a lè fi títẹ bọ́tìnì ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ide àti bàbà gan-an wà lára àwọn irin tí ó ń fún lésà ní wàhálà jù.

Nínú ọ̀nà àtijọ́, alágbẹ̀dẹ ide yóò kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ àárín orí. Yóò fi ìda bò ó díẹ̀díẹ̀, yóò sì ya ojú, imú, ètè àti ilà sára ìda náà. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀, tí yóò fi í síná kí ìda lè yọ́ dànù, tí yóò sì da ide yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Bí ó bá tutù, a ó fọ́ amọ̀ náà, nítorí náà amọ̀ kan kì í bí ju orí kan lọ. Bàbà tí a kò pò mọ́ nǹkan kan tún le ju ide lọ: kì í yọ́ àfi bí ooru bá tó 1,085 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kì í sì í ṣàn dáadáa nínú amọ̀. Síbẹ̀ ìbòjú Ọbalùfọ̀n, ọba tí ìtàn Ifẹ̀ so mọ́ iṣẹ́ ide, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ère tí ó jókòó tí a bá ní Tada, létí Odò Ọya.

Iṣẹ́ lésà kò lo amọ̀, kò lo ìda. A ó tẹ́ irin tí a lọ̀ kúnná sórí àwo, bí babaláwo ti ń tẹ́ ìyẹ̀rosùn sórí ọpọ́n. Ibi tí lésà bá tẹ̀ nínú rẹ̀ yóò yọ́, yóò sì gan pọ̀. A ó tún tẹ́ ìpele mìíràn lé e, èyí tí kì í sábà nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Carl Deckard àti Joe Beaman ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní Yunifásítì Texas láàárín ọdún 1980 sí 1989. Àwọn onímọ̀ Fraunhofer ní Aachen, ní Jámánì, ni wọ́n mú un dé ibi tí irin ti ń yọ́ tán pátápátá, ní nǹkan bí ọdún 1996.

Ṣùgbọ́n bàbà a máa dá ìmọ́lẹ̀ lésà tí ojú kò lè rí padà bíi dígí, ìwọ̀nba ooru tí ó sì gbà kì í dúró lójú kan. Ní 2015, NASA fi bàbà tí a pò mọ́ chromium àti niobium ṣe apá kan ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì: ìpele 8,255, ọjọ́ mẹ́wàá àti wákàtí méjìdínlógún. (Àwọn tí ń sọ̀rọ̀ bọ́tìnì kì í sábà mẹ́nu ba ọjọ́ mẹ́wàá yìí.) Ní 2018, ilé iṣẹ́ TRUMPF ti Jámánì fi lésà aláwọ̀ ewé hàn, irú ìmọ́lẹ̀ tí bàbà ń gbà sára jù. Ìyẹn tú apá kan ìṣòro bàbà. Ti ide ṣì kù, nítorí síǹkì inú rẹ̀ a máa hó ní 907, kí bàbà tó yọ́ rárá. Lábẹ́ lésà, síǹkì yóò di èéfín, yóò sì fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ nínú iṣẹ́.

Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti lè pàdé ni ìda. Lésà lè sọ ike olómi di líle ní ìpele-ìpele títí yóò fi di àwòrán orí, ọ̀nà tí Charles Hull gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní 1986. A ó fi amọ̀ bo ike náà, a ó jó o dànù, a ó sì da ide síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́. Ẹni tí ń ya ìda nìkan ni lésà rọ́pò níhìn-ín. A kò lè ṣe é láìsí adaide.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ gba àwòrán orí náà sínú kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti wúwo. Ọ̀kan nínú àwọn orí Wúnmọníjẹ̀ dé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939. William Bascom, ará Amẹ́ríkà, ra méjì, ó sì dá wọn padà ní 1950. Orí ide ṣeé dá padà bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá dá a padà ṣì lè ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Kí a tó gbé ẹ̀rọ sí iwájú orí kankan ní Ifẹ̀, ó yẹ kí ìwé àdéhùn ti sọ ẹni tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ náà, àti iye ẹ̀dà tí a lè fi dà.